Ẹ̀rọ Alápá Mẹ́fà Nínú Yàrá Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé èmi kì í ṣe oníjà. Àwọn ará ilé kejì ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri. Ohùn mi ló kàn ga díẹ̀. Ẹni tó bá bá ọkọ mi gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ohùn tiẹ̀ kò ga, kó wá kọ́ mi bó ṣe ṣe é. Ojoojúmọ́ ayé lọkùnrin yìí máa ń sọ fún mi pé, "Rọra, ìyá wọn. Mo ń gbọ́." Irọ́ ni, kì í gbọ́.

Iṣẹ́ títẹ àwòrán sára aṣọ ló ń ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà nílé iṣẹ́ kan náà, nídìí ẹ̀rọ kan náà. Apá mẹ́fà lẹ̀rọ ọ̀hún ní, gbogbo wọn nà síta yí ká, ó sì ń yí. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí apá kan, wọ́n á sọ férémù tí wọ́n ta aṣọ tínrín sí kalẹ̀ lé e lórí, wọ́n á da ọ̀dà sí i, ẹnì kan á wá fi igi onírọ́bà wọ́ ọ̀dà náà láti òkè wá sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé férémù sókè báyìí, àwòrán ti wà lára aṣọ. Ẹni tó ń di igi onírọ́bà yẹn mú lọkọ mi. Kì í tẹ́ aṣọ, kì í ká aṣọ, kó ṣáà ti máa fa ọ̀dà. Apá rẹ̀ ọ̀tún tóbi ju tòsì lọ débi pé apá ọ̀tún gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya.

Àwọn mẹ́fà ló ń dúró yí ẹ̀rọ náà ká. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òpó, nítorí gíga rẹ̀, ló ń tẹ́ aṣọ. Bí aṣọ bá ti tẹ́jú, tí Òpó sì ti yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́, á pariwo pé, "Ó gúnlẹ̀!" Ìgbà yẹn lọkọ mi tó lè fa ọ̀dà. Ẹni tó bá fà á láìjẹ́ pé wọ́n pè é lè fi férémù tẹ ìka ọmọ ẹlòmíì. Òfin ni, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi pa á mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n ta ẹ̀rọ, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀. Ọkọ mi wálé, ó jókòó sídìí fèrèsé, kò sì dìde fún oṣù méje. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń bi pé níbo ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀, á tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n lọ ṣe. Nígbà tó yá, oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìnkùlé. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo rí i pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti fá irùngbọ̀n gbẹ̀yìn, ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi ti ń kú lọ lójú mi, lórí ìjókòó.

Ọmọ wa obìnrin ló gbà wá. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé bàbá òun lè tẹ àwòrán sára ẹ̀wù tíṣáàtì ọgọ́ta fún àwọn ọmọ iléèwé, tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ ìparí ọdún. Àwòrán oòrùn tó ń yọ ni, kó wà láàárín àyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún wa. Ọmọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá, bí èyí bá dáa, iléèwé mẹ́ta míì ń dúró. Bí kò bá dáa, mi ò mọ ohun tí a tún máa sọ fún bàbá o." Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ká lọ ra ẹ̀rọ.

Yàrá tí ọmọ wa fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ la fẹ́ lò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni lóròó, mẹ́wàá ni níbùú, inú sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀: alápá mẹ́fà, alápá mẹ́rin, àti ọ̀kan kékeré báyìí, alápá kan, tó ní eyín irin méjì tí wọ́n fi ń dè é mọ́ etí tábìlì. Ọkọ mi ò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ìdí alápá mẹ́fà ló gbà lọ, ó sì ń fọwọ́ pa á lórí.

"Èyí ni," ó wí.

"Èyí kọ́," mo wí.

Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ní, "Bàbá, kí n má purọ́ fún yín, bí èyí bá ń yí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ló ń gbà."

Ọkọ mi yíjú sí mi bí ẹni tó borí ní kóòtù. "Ṣé o gbọ́? Mẹ́wàá ni yàrá wa. Mẹ́sàn-án ń wọ inú mẹ́wàá."

"Ó ń wọ̀ ọ́! Ẹ̀yin náà ńkọ́, ibo lẹ máa dúró sí? Nínú ògiri?"

"Rọra, ìyá wọn. Mo ń gbọ́."

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́! Ẹ wo alápá kan yìí, ẹ wò ó bó ṣe mọ níwọ̀n!"

"Ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn."

Mo ní kí ẹni tó ń tajà dá sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, òun ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọkọ mi ti fàáké kọ́rí, ó kó páálí ńláńlá jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní ká gé e níwọ̀n ẹ̀rọ náà, ká lọ tò ó sínú yàrá, kí ojú wa fúnra rẹ̀ rí i. Mo gbàdúrà fún ọmọkùnrin náà títí.

Ọjọ́ méjì lọkọ mi fi gé páálí. Ó lẹ apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ àga kan tó ń yí, ó wọ̀n ọ́n pérépéré, ó wá pè mí kí n wá wò ó. Mo wọlé. Mo tilẹ̀kùn kí n lè ráyè dúró. Ó ti àga náà, ẹ̀rọ páálí bẹ̀rẹ̀ sí yí. Apá kìíní gbá kọ́tìnnì. Apá kejì gbá mi nínú ikùn. Ìkẹta lọ fìdí kalẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìkẹrin há mọ́ ojú fèrèsé, ó bá dúró gbọn-in. Ọkọ mi wà ní kọ̀rọ̀ kan, èmi wà ní kọ̀rọ̀ kejì, ilẹ̀kùn ò sì ṣeé ṣí.

Mo ní, "Ẹ ká páálí yẹn sókè ká jáde."

Ó ní, "Irin gidi kì í ká."

"Páálí ni!"

"Irin là ń dán wò. Bí a bá ká a, a ti tan ara wa jẹ."

Ẹ gbà mí o! Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn ìta, tó sì wọlé. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, mo wá gbọ́ ohùn obìnrin míì, ohùn tó mọ́ tónítóní. Ọ̀gá iléèwé ló wá wo ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́.

"Bàbá, Màmá, ọ̀gá mi dé o! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá!" ni ọkọ mi wí láti kọ̀rọ̀. "A ń wọn ẹ̀rọ lọ́wọ́!"

"Ó dáa," ni ọ̀gá náà wí. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ náà ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni?"

Ara mi bù máṣọ. Mo na ọwọ́, mo di apá kẹta mú, mo fà á ya.

Ọkọ mi kígbe. Ó ní, "Apá Òpó lo fà ya yẹn!"

Mo wo páálí náà. Ó ti fi bírò kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sára apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, olúkúlùkù ní tiẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Mo ṣílẹ̀kùn, mo kí àlejò, mo sì di apá Òpó mú sẹ́yìn mi títí ó fi lọ.

Alápá kan la rà. Ọkọ mi ò tún jiyàn, èyí gan-an ló sì dùn mí. A dè é mọ́ etí tábìlì, àyè wá ṣẹ́ kù láti rìn. A ò ra àpótí iná tí wọ́n fi ń gbé àwòrán sára férémù, oòrùn ìta là ń lò, gíláàsì fọ́tò ìgbéyàwó wa la sì fi tẹ àwòrán mọ́ ọn lára. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni férémù tí a fi oògùn àwòrán pa ti ń gbẹ nínú òkùnkùn, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bà á jẹ́, ilé ìwẹ̀ la ti ń fọ̀ ọ́. Gbogbo nǹkan pé. Ó ku iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ, ó sọ férémù kalẹ̀, ó da ọ̀dà sí i, ó di igi onírọ́bà mú. Ó wá dúró. Mo lọ gbálẹ̀, mo padà dé, ó ṣì dúró. Mo fọ abọ́, mo padà dé, ó dúró. "Kí lẹ ń dúró dè?" Ó ní òun ò mọ̀. Ó wá fà á, ó fà á bí ẹni tí ń jalè, oòrùn sì yọ lábẹ́ abíyá. Lára ẹ̀wù kejì, oòrùn wọ̀ sí ìsàlẹ̀, lápá ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ etí aṣọ. Ó gbé igi náà kalẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ó wí. "Ẹ dá a padà fún wọn."

Ó lọ jókòó sídìí fèrèsé. Mo gbọ́ tó ń bi ẹnì kan pé níbo ló ń lọ, ẹkún sì gbọ̀n mí. Mi ò lè pariwo. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó.

Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó mú ṣíbí, kò jẹun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi bí mo bá sọ̀rọ̀. Mo ti ń fi yangàn láàárín ẹbí pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo ní, "Ó ti délẹ̀, ẹ jẹun." Ojú ẹsẹ̀ ló ki ṣíbí bọ abọ́.

Àṣé ohun tí ọkùnrin yìí ń dúró dè láti àárọ̀ nìyí!

Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fà á dìde, mo fà á wọ yàrá. Mo tẹ́ ẹ̀wù kan sórí apá ẹ̀rọ, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi nà án títí kò fi ní ìkákò kankan, mo sọ férémù kalẹ̀, mo yọ ọwọ́, mo ṣí ẹnu tí Ọlọ́run fún mi:

"Ó GÚNLẸ̀!"

Apá rẹ̀ lọ sókè, ó sì wálẹ̀, gbuurururu, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A gbé férémù. Oòrùn yọ láàárín àyà ẹ̀wù, roboto, kò yẹ̀ lọ́tùn-ún, kò yẹ̀ lósì. Àwa méjèèjì wò ó. Ó ní, "Òpó kì í pariwo tó báyìí o." Omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Àwọn ará ilé kejì rán èèyàn wá béèrè pé kí ló ń gúnlẹ̀ nílé wa láti àárọ̀. Nígbà tó fi máa ku ẹ̀wù kan, ohùn mi ti há pátápátá. Mo tẹ́ ẹ, mo yọ ọwọ́, mo ní, "Ó gúnlẹ̀," bí ẹni tí òtútù mú. Kò fà á.

"Ìyá wọn," ó wí, igi onírọ́bà dúró lọ́wọ́ rẹ̀, "mi ò gbọ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ látọjọ́ yìí pé kí n rọra?"

"Ohùn ẹ kò tíì tó," ó wí. "Pè mí dáadáa."

Mo pè é.