Ọjọ́ tí Ìyá Mi Jókòó sórí Ẹní

Òórùn fárímasà, àkàrà oníyẹ̀fun wọn, ló máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé. Obìnrin Zarma kan máa ń dín in lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa ní Boukoki, òórùn epo gbígbóná náà á sì gba orí ògiri wọlé tọ̀ wá wá. Kí n tó bọ́jú tán, ìyá mi á ti gbálẹ̀ abẹ́ igi dóńgóyárò, á ti tẹ́ ẹní, á sì ti gbé pátákó dúdú ti ara ògiri. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey ló ń kọ́ ní èdè. Faransé ni a ń sọ nílé ìwé, Zarma àti Haúsá ni a ń sọ ní títì. Yorùbá tó kù lẹ́nu wa kò ju èyí tí wọ́n fi ń bá wa wí lọ.

Ìyá mi ti ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó tẹ̀lé bàbá mi wá sídìí aṣọ títà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bó bá ní "Ṣé ẹ jí dáadáa?", òun kan náà á tún dáhùn pé "A dúpẹ́", àwa náà á sì hó o bí ẹni fẹ́ wó igi náà lulẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ á dúró wò wá. Èmi a máa yan kiri bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Inú fóònù ni wàhálà ti dé. Alájì Ràímì, aláṣọ kan tó ń gbé ní Banifandou, pe ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀, Sàfíyà, tó máa ń jókòó tì mí lórí ẹní. Sàfíyà kí ìyá àgbà dáadáa. Ìyá àgbà ní ṣé ó jí dáadáa. Sàfíyà dákẹ́. Ìyá àgbà tún bi í, Sàfíyà ń retí kí ẹnìkan kọ́kọ́ dáhùn kí òun lè gbè é. Ni ìyá àgbà bá bú sẹ́kún pé wọ́n ti sọ ọmọ òun di àjèjì. Alájì wá bá ìyá mi, ó fọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún un pé bí ọdún Iléyá bá dé tí ọmọ òun kò sì lè bá ìyá òun sọ̀rọ̀, òun á mú un kúrò. Gbogbo wa mọ̀ pé bí Alájì bá lọ, àwọn aláṣọ yòókù á tẹ̀lé e, ẹní yẹn á sì di kíká. Ìyá mi kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Òwe kan wà tó fẹ́ràn láti máa fi bá wa wí bí a bá ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni." Òwe náà wá kan òun alára. Ó bẹ Ìyá Délé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Harobanda, pé kó wá wo òun lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Délé gba orí afárá odò Ọya wá, ó sì jókòó sẹ́yìn wa títí a fi parí.

"Ìyá Àmínà," ó ní, "ẹ̀yin lẹ bi wọ́n, ẹ̀yin náà lẹ dáhùn. Àwọn ọmọ yìí kò tíì bá yín sọ̀rọ̀ rí."

Ìyá mi kò gbà. Ó ní òun ń ràn wá lọ́wọ́ ni. Ó yíjú sí wa, ó bi wá pé kí ni òun ń ṣe tí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Kí la fẹ́ wí? Ta ló tó bẹ́ẹ̀, ní ilé tí ọmọ tó bá sọ pé àgbà ṣàṣìṣe yóò ti kúnlẹ̀ títí ọ̀sán? "Ó dára, mà," ni gbogbo wa hó. Ìyá Délé rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá mi jókòó sáàárín wa, kí ọ̀kan nínú wa sì ṣe bíi tíṣà, nítorí kò sí àrífín nínú eré.

Bí ìyá mi ṣe jókòó sórí ẹní nìyẹn. Ó ká ẹsẹ̀ kò bíi tiwa, ó sì fún Sàfíyà ní ìborùn rẹ̀. Sàfíyà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọjú sí pátákó, ó kẹ̀yìn sí wa. "Ṣé ẹ jí dáadáa?" ó ní, kò sì mí kó tó fi kún un: "A dúpẹ́! Kí lorúkọ rẹ? Orúkọ mi ni Sàfíyà! Ó dára, ẹ pàtẹ́wọ́!" A rẹ́rìn-ín títí a fi ṣubú lura wa. Mo wá wo ìyá mi. Ó ti lanu láti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹnu náà sì wà ní lílà síbẹ̀.

"Sàfíyà, o ò fún mi láyè," ó ní.

Sàfíyà wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe, mà."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ó sì ní kó tún un ṣe.

Láti Sátidé tó tẹ̀lé e, bó bá ti béèrè nǹkan, á ju awẹ́ obì sẹ́nu, á máa rún un jẹ́jẹ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ títí á fi gbé e mì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wá lára. Nígbà tó sú wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Òun náà a sì máa gba orí afárá lọ wo Ìyá Délé, á sọ ohun tó rí fún un láìfepobọyọ̀.

Nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, Alájì gbé fóònù wá sábẹ́ igi wa. Ìyá àgbà ní ṣé ọmọ òun jí dáadáa. Gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀.

"A dúpẹ́, mà," Sàfíyà ní. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ti orúnkún. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀, Alájì sì ń fi fìlà nu ojú. Orí mi wú nítorí obìnrin tó fọwọ́ bo ẹnu yẹn.

Èmi náà ti di tíṣà báyìí, ní ilé ìwé kan ní Harobanda. Ní kékeré, ohun tí mo fi ń yangàn ni pé ìyá mi mọ gbogbo nǹkan. Lónìí, ohun tí mo fi ń yangàn ni pé ó jókòó sórí ẹní. Bí táàmù bá ń parí, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá sì ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe bíi tèmi níwájú pátákó. Kò rọrùn, inú a kọ́kọ́ máa bí mi díẹ̀. Ní táàmù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọ awò ojú mi, ó béèrè ìbéèrè kan, ó fi ìdérí báírò sẹ́nu, ó ń rún un jẹ́jẹ́, ó sì ń wò wá. Ẹ̀rín gba gbogbo kíláàsì. Èmi tí n kì í jẹ obì, n kò mọ̀ rárá pé mo máa ń rún ìdérí báírò bí mo bá béèrè nǹkan. Ìyá mi ni mo rí níwájú pátákó yẹn, omi sì lé ròrò sí mi lójú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀, ọmọ náà ṣì ń dúró. Mo nawọ́ sókè.