Òṣùpá Ọ̀sán ní Ọjà Bassila

Ọ̀ọ́dúnrún faranki ni mò ń ra kílò kajú ní Manigri báyìí. Bí òórùn rẹ̀ bá ti gba imú mi, ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá mi ta kajú tirẹ̀ ní Bassila ni mo máa ń rántí. Ó ní kí n wá yan awò tí mo ti ń sunkún rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run.

Ọlọ́jà na ọ̀kan gbọọrọ tó ń dán sí wa. "Ìyá, èyí gùn, ó ń ríran jìnnà."

"Bí gígùn bá ń ríran, ọ̀pá iṣu wa ì bá ti rí Kutọnu."

"Ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú, ẹ ó rí i."

"Kí ìwọ náà sì ti sá lọ?"

Mo tọ́ka sí òṣùpá ọ̀sán tó funfun bí ẹfun lórí igi máńgò.

"Bá mi wò ó," ni ìyá mi wí.

Kùrukùru ni mo rí nínú èyí tó gùn. Nínú kúkúrú olójú méjì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí kòtò lára òṣùpá, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wa iṣu rẹ̀. Mo rò pé ìyá mi kàn ń kẹ́ mi ni, tó fi ní kí n bá òun wò ó. Mi ò mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi òṣùpá ṣe?" ni ọlọ́jà fi ìbínú bi í.

"Ohun tó bá wù ú. Ṣé ìwọ lo ni òṣùpá ni?"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ọlọ́jà pe kúkúrú náà. Nígbà tí ìyá mi ná an tán, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin faranki.