Adé Bébà

"Padà wá síbí! Orúnkún kan lo fi kí mi yẹn!"

Mo ti dé ẹnu géètì kí ohùn náà tó bá mi. Mo yíjú padà, mo gbé àpò ìwé sílẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. "Ẹ̀n-ẹ́n. O jíire bí? Máa lọ, ọmọ dáadáa."

Bí ọjọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wa ní Ṣómólú nìyẹn. Màmá kì í ṣe ìyá ìyá mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá bàbá mi. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Fìlà ni wọ́n ń rán, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé sì ni wọ́n. Kò sí ọmọ tó lè kọjá lára wọn láìkí wọn dáadáa, bó ti wù kó máa sunkún tó.

Bí mo bá dijú lónìí, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àdúgbò yẹn ló kọ́kọ́ ń dé, gbàká, gbàká, gbàká, títí oòrùn á fi rọ̀. Òórùn íǹkì á gba ojú fèrèsé wọlé, á lọ bá òórùn sítáàṣì tí Màmá fi ń mú kí fìlà dúró gbọn-in. Mi ò mọ̀ mọ́ o, èwo nínú rẹ̀ ni mo gbọ́ lójú oorun, èwo ni mo gbọ́ lójú ayé.

Àsìkò ṣọ́jà ni. Ìlú le. Wọ́n ti dá bàbá mi dúró níbi iṣẹ́ ìjọba, àtìgbà náà la ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé bí ẹni pé òkú wà nílẹ̀. Inú ẹgbẹ́ eléré ìtàgé ilé ìwé wa nìkan ni mo ti ń la ẹnu. Lẹ́yìn ìwé, nínú gbọ̀ngàn wa ní Bàrígà, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń rọra fẹ́ wọlé, mo máa ń pariwo títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ pé kí n dákẹ́. Torí ohùn yẹn ni wọ́n ṣe fi mí jọba nínú eré. Ilé ìwé obìnrin ni, ibo la ti fẹ́ rí ọkùnrin?

Àfi bí ọ̀gá àgbà ilé ìwé ṣe ní àwọn máa ti gbogbo ẹgbẹ́ pa, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn, àti tiwa. "Ìlú ò rí jẹ, ẹ̀yin ń ṣeré!" Tíṣà wa bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti wá wo eré wa lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dùn, ká máa ṣe é lọ. Bó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́, wọ́n á ti gbọ̀ngàn, ó parí.

Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ Màmá. "A ò tiẹ̀ ní adé, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni mo ti ń rán láti àárọ̀, ṣòkòtò?"

Wọ́n ní kí n lọ ṣa bébà aláwọ̀ tí àwọn atẹ̀wé gé dànù wá, pupa, búlúù, àti èyí tó yẹ́lò. Orí ẹní la jókòó sí lọ́sàn-án. Mo máa ń wé bébà náà mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀, màá fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́, màá yọ ọ́, màá sá a sórí àtẹ. Tó bá gbẹ, ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Màmá á rán an mọ́ fìlà gíga kan, wọ́n á máa kùn bí ẹni tó ń tòògbé. Bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ ọba fún wọn, wọ́n á ní, "Gbóhùn sókè jàre! Ọba wo ló ń tọrọ gáfárà?" Bàbá mi ń gbọ́ wa láti inú yàrá, wọn ò bá mi wí.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá àgbà jókòó síwájú, wọ́n fajú ro. Mo jókòó sórí ìtẹ́, àwọn ìjòyè mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ohùn mi ń lọ dé òrùlé. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí. Màmá wọlé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, ìborùn funfun lórí wọn, wọ́n ń rọra rìn bọ̀ níwájú.

Ẹ gbà mí o! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde lórí ìtẹ́, mo ti wà lórí orúnkún méjèèjì, tadétadé.

"Ẹ káàsán mà, Màmá!"

Ẹ̀rín bú sọ. Àwọn ìjòyè mi gan-an dojú bolẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà mú báàgì wọn, wọ́n fẹ́ dìde. Mo mọ̀ pé mo ti ba ti gbogbo wa jẹ́.

Màmá dúró. Wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n di etí pèpéle mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, Màmá tó jẹ́ pé orí àga ni wọ́n ti ń kírun nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n tẹrí ba.

"Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Kábíyèsí. Èmi ni mo wá kí yín."

"Ẹ" ni wọ́n pè mí! Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín na ọrùn wò wá. Mo dìde. "A dúpẹ́, Ìyá wa," ni mo wí, ohùn mi sì padà wá. Àwọn ìjòyè tún dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá àgbà rọra gbé báàgì sílẹ̀. Lẹ́yìn eré, wọ́n bi tíṣà wa pé níbo ló ti rí ìyá arúgbó tó mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò ti gbọ̀ngàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ la tó mọ̀ pé Màmá ò lè dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n wà láti ìgbà yẹn, wọ́n fi ara ti pèpéle. Mo bẹ́ sílẹ̀, èmi àti tíṣà gbé wọn.

"Ṣé ó ń dùn yín, mà?"

"Ó ń dùn mí gan-an ni. Adé yín ti wọ́, Kábíyèsí, ẹ tún un ṣe."

Màmá ti lọ tipẹ́, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò ni mo fi ń jẹun lónìí, mo sì máa ń ṣì í sọ. Àwọn èrò máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí, àmọ́ kì í pẹ́. Ẹnì kan ti bọlá fún mi rí lójú gbogbo èrò, nígbà tí mi ò ní ọlá kankan, ó sì mọ bó ṣe máa dun òun tó kó tó ṣe é.