Ìgò Tó Bo Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Bámiṣayé, ọmọ kan ṣoṣo tí Deborah bí, ló ń wa tírélà sìmẹ́ńtì láti Obajana. Ó kọ “Àdúrà Yèyé” gàdàgbà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Òun ni ìyá rẹ̀ fi ń dá a mọ̀ lójú títì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé rẹ̀ ní àdúgbò Karaworo, Deborah gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé tírélà kan ṣubú lọ́nà Obajana. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ náà hàn báyìí, àwòrán ìpolówó ìgò agbo jẹ̀díjẹ̀dí ńlá kan yọ, ó ń jó bí oníjó, ó bo gbogbo ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí.

“Kúrò níbẹ̀, ìgò òṣì!”

Deborah na ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ẹ̀yìn ìgò. Ó tilẹ̀ fi etí ìró nu ojú tẹlifíṣọ̀n. Kí ìgò tó kúrò, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń sọ.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Kò gbé e. Ó tún pè.

“Okun o, Yèyé,” ni Bámiṣayé fi kí i. “Oúnjẹ ni mo ń jẹ.”

Deborah bú sẹ́kún, ó ń yin Olúwa. Lójijì ló rántí ẹni tó wa tírélà tó ṣubú náà. Ìyá kan ṣì wà níbìkan tó ń na ọrùn wo ẹ̀yìn ìgò yẹn.