Omi Pupa Nínú Mọ́tò Funfun

Títì kan wà lọ́nà Ìrẹsà tí kò lọ síbì kankan. Àwọn tó ṣe é da ọ̀dà sí i dáadáa, wọ́n pín in sí méjì, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, wọn ò rí afárá ṣe, wọ́n kó katakata wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ewúrẹ́ ló jogún rẹ̀. Tí oòrùn bá mú, èèyàn á rò pé omi ń ṣàn bọ̀ lórí ọ̀dà lọ́ọ̀ọ́kán, bó bá sì ń sún mọ́ ọn, omi náà á máa sún sẹ́yìn. Tí mo bá ń rántí ọdún yẹn, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, bí ẹni tó ń lá àlá ọ̀sán.

Rédíétọ̀ àlòkù ni mo ń tà ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún ọjà náà nígbà tí orúnkún wọn ní òun ò jókòó sórí àpótí mọ́, tí wọ́n padà sí Ọ̀yọ́. Ìwé mi ò jìnnà. Ọjọ́ tí olùkọ́ fi lẹ́tà kún ìṣirò ni mo dìde kúrò níléèwé. Ohun tí kò bá mọ̀ bóyá kíkà ni òun tàbí ṣíṣirò, èmi ò lè bá a gbélé.

Àbúrò mi ọkùnrin ń wa mọ́tò òkú l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, bí ẹni gbé ẹyin: ẹni tó wà lẹ́yìn ò kánjú, àwọn tó ń sunkún tẹ̀ lé e ò sì fẹ́ kó fi àwọn sílẹ̀. Ẹni tó ń rìn báyìí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bá lọ ra mọ́tò eré ìje. Ìjókòó méjì péré. Ó sún mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Pupa ni nígbà tó dé. Màámi, tí wọ́n jẹ́ Aládùúrà, aláṣọ funfun, ní àwọn ò ní gbàdúrà sí ohun pupa, wọn kì í lò ó nínú ìjọ tiwọn. Àbúrò mi kùn ún ní funfun. Bó ti ń bọ̀ lókèèrè, ó wá dà bí ìkúùkù tó já bọ́ tó ń wá ọ̀nà ilé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sìnkú, òun àti àwọn bíi tirẹ̀ máa ń bẹ baálẹ̀ kí wọ́n kó ewúrẹ́ kúrò lórí títì náà. Wọ́n á sáré gba apá kan lọ, wọ́n á yí létí odò, wọ́n á gba apá kejì bọ̀. Òfin wọn le. Mọ́tò tó bá hó tó da omi sórí títì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ò gbọ́dọ̀ padà wá mọ́, nítorí omi yẹn ń yọ taya ẹlòmíì. Tàbúrò mi ti hó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ọmọ iléèwé kan tó wá wòran láti Under G, àdúgbò àwọn ọmọ yunifásítì, ní kí wọ́n tètè wá ẹyin wá kí wọ́n sè é.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Tó bá tún hó, ó parí nìyẹn."

"Kí ló dé tí o ò lè máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹ ti ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yín?"

"Jẹ́jẹ́ ni mo fi ń jẹun. Gbogbo ọ̀sẹ̀, òkú ló ń pinnu ìrìn mi. Ọ̀sán Àìkú yẹn nìkan ni mo ní."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò jẹ́.

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́mósítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tó ń pinnu ìgbà tí omi yóò kọjá sínú rédíétọ̀, mẹkáníìkì rẹ̀ ti yọ ọ́ jù nù, ó ní ìlú wa gbóná tẹ́lẹ̀, kí ni ẹ́ńjìnì ń fi ilẹ̀kùn ṣe. Mo dá a padà. Mo yọ rédíétọ̀ rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ìpè ìgbéyàwó, mo fi alumíníọ̀mù kan rọ́pò, tó nípọn bíi Bíbélì orí pẹpẹ Onítẹ̀bọmi. Mo fi fáànù méjì sẹ́yìn rẹ̀. Ọ́ìlì náà gba rédíétọ̀ kékeré tirẹ̀. Mo wá fi páànù àti fóòmù dí gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́, nítorí ọ̀lẹ ni atẹ́gùn. Tó bá ti rí ẹ̀gbẹ́ gbà, kò ní gba àárín rédíétọ̀ kọjá láé. Lẹ́yìn náà la da kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, sí i, èyí tó pupa bíi sóbò. A tan ẹ́ńjìnì, a ṣí ìdérí sílẹ̀ títí ó fi gùnfẹ̀ tán. Mọ́tò tí afẹ́fẹ́ bá kù sí nínú, ọmọ tó mu ọmú tí wọn ò jẹ́ kó gùnfẹ̀ ni. Yóò pọ̀ ọ́ padà ni.

Ó gbé e lọ sílé Màámi l'Ọ́yọ̀ọ́, ó sùn síbẹ̀. Ọ̀sán Àìkú ló wá gbé mi.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ìyókù mi dúró sẹ́yìn, ẹ̀yìn mi nìkan ló bá mọ́tò lọ. Àwọn igi ẹ̀mí, igi òrí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà di ọ̀kan ṣoṣo, ó gùn, ó ń ṣàn. Omi irọ́ orí títì náà ń sá fún wa, àwa ń lé e. Ó ń ṣe mí bíi pé oorun ni mo wà, kí ẹnikẹ́ni má jí mi. Nígbà tí a yí létí odò lẹ́ẹ̀kejì, mo wo abẹ́rẹ́ tó ń ka ooru ẹ́ńjìnì. Ó ti ń gòkè.

"Pa ẹ́ńjìnì."

"Ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀hún."

"Mo ní kí o pa á."

Ó pa á. Mọ́tò náà ń yí lọ láìfọhùn, a gbọ́ koríko lábẹ́ wa, a dúró sí abẹ́ igi. Ọ̀gá títì, ẹni tó ń ṣọ́ òfin wọn, sáré dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ìyá oní-rédíétọ̀, ó hó àbí kò hó?"

"Ṣé ẹ rí omi?"

"Mi ò rí."

"Ẹ yéé wá a nígbà náà."

Nígbà tó tutù, mo ṣí i. Kò sí pupa níbẹ̀. Omi tó mọ́ gaara ni, ó sì ń ta sánsán bíi lọ́fínńdà tí wọ́n ń wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà. Àbúrò mi gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, mo wò ó. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnì kankan. A gbé mọ́tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́.

Màámi wà lójúde nínú aṣọ funfun wọn.

"Ẹ káàbọ̀. Ó sáré dáadáa, àbí?"

"Màámi, kí lẹ dà sínú mọ́tò?" ni mo bi wọ́n.

"Kí lẹ̀yin náà dà sí i? Mo ní kí n gbàdúrà sórí ẹ́ńjìnì, mo bá rí pupa. Ẹ kun ìta ní funfun, ẹ lọ fi pupa pamọ́ sínú. Èèyàn lẹ lè tàn jẹ."

"Ta ló bá yín tú u?"

"Ìwọ lo ń bi mí bẹ́ẹ̀? Wọn ò tíì bí ẹ tí mo ti ń tú rédíétọ̀. Mo da tiyín nù, mo rọ omi àdúrà sí i, mo dé e."

"Ẹ ò jẹ́ kó gùnfẹ̀."

"Omi àdúrà kì í gùnfẹ̀."

Ẹ̀rín ti gbé mi lọ. Àbúrò mi ò rín. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú wọn.

"Màámi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi níbẹ̀ lónìí."

"Tí o bá ti lọ síbẹ̀," wọ́n ní, "mọ́tò tí ò ń wà láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rí. Mo máa ń ro ta ni yóò wà á lọ́jọ́ náà, tó bá jẹ́ ìwọ ló wà lẹ́yìn."

Ẹ̀rín mi dúró.

"Ooru ló ń pa mọ́tò yẹn, Màámi," àbúrò mi sọ. "Omi pupa yẹn ló ń gbà á."

"Kò sí aláwọ̀ míì ni?"

"Ó wà," mo ní. "Aláwọ̀ ewé wà ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Kí ló wá ṣe yín látàárọ̀? Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá síbí. Ẹ má ṣí i."

Nígbà tí a gbé e dé, wọ́n kúnlẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì náà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n gbàdúrà sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rán ọmọ lọ sí ìdálẹ̀. Èmi gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, mo ṣan inú mọ́tò mọ́, mo rọ aláwọ̀ ewé náà sí i, mo sì jẹ́ kó gùnfẹ̀ tẹ́rùn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n bá wa lọ. A gbé àga sí ibòji fún wọn. Abẹ́rẹ́ ooru dúró sí àárín, kò gòkè, kò sọ̀. Àbúrò mi yí títí àkókò rẹ̀ fi pé, ọ̀gá títì sì ní kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wò kọ́ nìyẹn. Tí mọ́tò bá ti dé ìsàlẹ̀ létí odò, a ò ní rí i mọ́, Màámi á sì dá orin ìjọ tí wọ́n ń kọ dúró. Gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́, ooru á máa jó lórí ọ̀dà. Tí funfun náà bá tún yọ ní apá kejì, wọ́n á mú orin náà níbi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀.