Ìjókòó Mọ́tò Bàbá Ògúndélé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Nùrẹ́nì àbúrò mi jẹ́, ẹ kàn bi í bóyá ó lè tún nǹkan ṣe. Kò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ kó tó ní, "Ó ti tán." Iṣẹ́ rewáyà ló ń ṣe ní Máfolúkù, ó ń tún iná mọ́tò ṣe lábẹ́ igi kan, èmi sì ń ta kẹrosín-ìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ máa ń sú mi, àmọ́ mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira ni Bàbá Ògúndélé, tó ń ta pákó ní Ìsọlọ̀, ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan. Ìjókòó iwájú rẹ̀ gùn gbọọrọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, iná ló sì ń gbé e: ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, á lọ síwájú, ẹ tẹ ìkejì, á padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ mọ́tò náà, bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá wọn yọ̀ ni wọ́n ń da kọ́bọ̀ oníhò sórí ìjókòó, kí mọ́tò náà lè mówó wálé. Èmi náà da tèmi.

Nítorí Bánkẹ́ ọmọ wọn ni wọ́n ṣe rà á. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílùú òyìnbó, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, lọ́rì pákó ni wọ́n fi sìn ín dé ebúté, ó sì dun bàbá náà. Wọ́n ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tó bá dé, àwọn fúnra wọn ni yóò fi mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ gbé e wálé.

Bó ṣe ku ọ̀la kí Bánkẹ́ dé ni ìjókòó bá sún síwájú, kò padà mọ́. Bàbá Ògúndélé sanra. Ikùn wọn kò gba ẹ̀yìn sítíárìn mọ́. Dáúdà, dírẹ́bà wọn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ló ká ẹsẹ̀ jọ tó wà á dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe jẹ́ kí Dáúdà lọ gbé e?"

"Rárá o, Mọ́nsúrátù. Mo ti ṣe pírọ́mìsì fún ọmọ mi. Èmi ni mo máa wà á." Ojú wọn ti pọ́n. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Nùrẹ́nì wí, kò tíì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò o. "Ó ti tán."

Ó fi fiúsì tuntun sí i, ó já. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà já. Ó wáá ní ó jọ pé ẹńjìnnì kékeré tó ń gbé ìjókòó ló jóná. Níbo la ti fẹ́ rí irú ẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́? Bàbá jókòó wọ̀ọ̀ sórí bẹ́ǹṣì mi.

"Ṣé bó ṣe tán náà nìyẹn?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Ó ki orí bọ abẹ́ ìjókòó, ó ń gbóòórùn bí ajá. "Kò jóná. Tó bá jóná, ó máa rùn."

Òun àti Dáúdà bá tú gbogbo ìjókòó náà, wọ́n gbé e sílẹ̀. Kọ́bọ̀ ló kún abẹ́ rẹ̀! Ọ̀kan há sáàárín eyín irin tó ń gbé e. Òmíràn fara kan ibi tí wáyà ti bó, ìyẹn ló ń já fiúsì.

"Ẹ̀yin tí ẹ gbàdúrà owó," ni Nùrẹ́nì kígbe, "ẹ wá wo àdúrà yín!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi rọra rẹ́rìn-ín ni, torí mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Nùrẹ́nì fi ẹ̀mú yọ wọ́n, ó fi téèpù wé wáyà, ó da òróró sí irin. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì, ìjókòó náà rọra padà sẹ́yìn. Ìyangàn tó ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní kí Nùrẹ́nì tẹ̀ lé àwọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Èmi náà wọlé sẹ́yìn, ta ni yóò fi mí sílẹ̀? Bánkẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, Bàbá fà á dìde, wọ́n ṣílẹ̀kùn iwájú fún un. Wọ́n rọra wà á gba Òṣòdì, àwọn onílọ́rì ń bú wa lẹ́yìn, Bàbá kò wojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ní Ìsọlọ̀, Bàbá ní, "A ti délé."

Bánkẹ́ kò ṣílẹ̀kùn. Ó sún mọ́ wọn lórí ìjókòó gígùn náà, ó gbórí lé wọn léjìká.

"Bàbá mi," ló wí, "ẹ tún wà mí yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bàbá fi apá agbádá nu ojú, wọ́n sì yí mọ́tò padà.