Ijó Delight Lójú Ìyá Rẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ ìyá Delight ní àdúgbò wa ní Mowe. Ẹja yìnyín ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ti ń wọkọ̀ láàárọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ẹja ló sọ ọ́ di olókìkí. Òun ni olùkọ́ kíláàsì àwọn àfẹ́sọ́nà ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bó sì ṣe ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà, ológbò kì í ṣọ́ ẹja báyẹn. Wọn ò gbọdọ̀ dira wọn lọ́wọ́ mú. Wọn ò gbọdọ̀ jọ wọ kẹ̀kẹ́ láwọn nìkan. Bí a bá ní ó ti le jù, á ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Delight nìkan ló bí. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé, òun nìkan ló sì tọ́ ọ, nítorí náà ẹ̀rù ń bà á ju bó ti yẹ lọ. Èmi ò bá a wí lórí ìyẹn. Nígbà tí Olúwajùwọ́n, àfẹ́sọ́nà Delight tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé n'Íbàfò, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i nílé, ìyá á ká kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà sókè, á sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Bí ọwọ́ wọn bá ṣèèṣì kanra, ojú ló máa fi bá ọmọ rẹ̀ wí. Delight á fa ọwọ́ padà kíá.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí obìnrin yìí ń fojú sọ́nà fún: kí ọmọ rẹ̀ bá ọkọ jó níwájú gbogbo ayé, kí a sì rí i pé inú rẹ̀ dùn. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ fún òun nígbà tó ń ṣègbéyàwó. Delight sì mọ ijó dáadáa. Bí òun àti Toyyibah, ọmọ ilé kejì, bá jọ ń kọ́ ijó ìgbéyàwó náà nígbà tí ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀dọ̀ mi.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, wọ́n pe tọkọtaya jáde láti jó ní gbọ̀ngàn. Olúwajùwọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí ìyàwó rẹ̀, Delight bá wo iwájú níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Ọmọ tí pásítọ̀ ti so pọ̀ mọ́ ọkọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Ara rẹ̀ le gbagidi, ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ọkọ tún fà á mọ́ra díẹ̀, Delight tún wo ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó wa, relax now," adarí ètò wí sínú máìkì. "Ọkọ ẹ nìyẹn, kì í ṣe landlord."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ìyá náà rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ júwe pé kó máa jó, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ọwọ́ òun ni ọmọ náà ti ń tọrọ àyè. Ó dùn ún wọ egungun. Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Mo tẹ̀ lé e, mo rò pé òòyì ló ń kọ́ ọ.

"Màmá Delight, ẹ wọlé, ọmọ yín ń jó."

"Ẹ jẹ́ kó jó," ó ní. "Bí mo bá wà níbẹ̀, kò ní lè jó."

Kò pẹ́ tí inú gbọ̀ngàn fi hó yèè. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àmọ́ kò wọlé, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń ra pánla, nígbà tí Toyyibah mú fídíò ijó náà wá lórí fóònù. "Mummy, ẹ wò ó, ó jó gan-an." Òótọ́ ni. Ara ọmọ náà rọ̀, ó gbórí lé àyà ọkọ, ó rẹ́rìn-ín títí erìgì rẹ̀ fi hàn. Inú tèmi dùn. Àmọ́ ìyá ní kí Toyyibah dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. A wá rí Delight tó tún ń wo iwájú. Ó rí i pé àyè ìyá rẹ̀ ṣófo. Ó mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn.

Ìyá Delight dá fóònù padà fún Toyyibah.

"Ọ̀wọ̀ ni mo pè é," ó ní. "Ẹ̀rù mi ló ń ba ọmọ mi látijọ́ yìí."